Okùn Tẹlifóònù Kan, Kọ̀ǹpútà Márùn-ún

Iṣẹ́ tí mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi ṣe kò ní orúkọ kan pàtó ní èdè wa. Bí wọ́n bá bi ìyá mi ní Goro, abúlé wa ní ilẹ̀ Benin, pé kí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ní Tchaourou, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Félì ń so okùn." Kò parọ́. Mo so kọ̀ǹpútà mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì so wọ́n mọ́ tẹlifóònù, kí àwọn tó wà nínú yàrá kan lè jọ lo íńtánẹ́ẹ̀tì kan. Lọ́dún tó kọjá, ojú mi kò gbé àwọn okùn wẹ́wẹ́ náà mọ́, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ ni mo kọ èyí fún. N kò ní sọ pé kí ẹ wá kọ́ tèmi, nítorí bí mo ṣe kọ́ ọ kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ènìyàn fi ń di oníṣẹ́ kò tíì yí padà tó bí ẹ ṣe rò.

Mo gba ìwé ẹ̀rí BEPC, mo tún lo ìgbà díẹ̀ sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ kí agbára àwọn òbí mi tó pin. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ iṣu, ó sì fẹ́ kí n padà sóko. Ó ní iṣu kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n kọ́ṣẹ́ ná, wọ́n sì fi àdéhùn sí i. Bí mo bá gbòmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo lè dúró sí Tchaourou kí n máa ṣiṣẹ́ mi. Bí ọ̀gá kò bá tú mi sílẹ̀, oko wà níbẹ̀, ọkọ́ sì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá mi ni Patron Wọ̀rú, ọmọ Baatonu kan, àwọn tí ẹ mọ̀ sí Bàrùbá, tó ti bá àwọn tó ń na okùn tẹlifóònù ṣiṣẹ́ rí kí ó tó dá àtẹ́líyè, ilé iṣẹ́ tirẹ̀, sílẹ̀. Ó ga, ó gbẹ, ó sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gba owó-ibodè lọ́wọ́ rẹ̀ lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Yorùbá rẹ̀ já gaara, àfi bí inú bá bí i; nígbà náà ni Baatonum, èdè àwọn ènìyàn rẹ̀, máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí a ó sì mọ̀ pé kí kálukú yáa wá ibi tó máa gbà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Eruku ọyẹ́ ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n kúrò nínú kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn, mo sì ń tẹ́tí sí okùn. Patron á gbé ẹnu tẹlifóònù lé mi létí, á bi mí pé kí ni mo gbọ́. Mo bá sọ pé mo gbọ́ ohùn, á ní irú ohùn wo. Mo bá ní ohùn tó ń hó, á ní irú híhó wo, ti omi ni àbí ti ọ̀rá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé okùn tí omi wọ̀ níbi tí wọ́n ti so ó ní ohùn tirẹ̀, èyí tí ìsorí rẹ̀ dẹ̀ ní tirẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ wọn yóò máa tú ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan palẹ̀ káàkiri.

Lẹ́yìn èyí ló fún mi ní okùn. Okùn mẹ́jọ tí ó tín-ín-rín ló wà nínú èyí tí ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀kan bá kúrò láàyè, Patron kì í sọ̀rọ̀. Á mú ẹ̀mú, á gé orí okùn náà sọnù, á sì dá a padà fún ẹ. Lọ́jọ́ kan ó gé tèmi, ó gé e, ó tún gé e, títí okùn náà fi kúrú débi pé kò lè dé ògiri mọ́. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Gba, fi di irun rẹ."

Mo fi di irun mi lóòótọ́, mo sì gbé e wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì. Ó wo orí mi, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Àṣà kan wà ní àtẹ́líyè wa tí n kò rí níbòmíràn. Ọ̀gá mìíràn, bí àsìkò bá ti pé, tí ẹbí sì ti ṣètò àga àti ohun mímu, á tú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ti Patron Wọ̀rú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbòmìnira, tí àwa níbí ń pè ní lìbérásíọ̀, ó máa ń béèrè lójú gbogbo àlejò pé, "Ta ni iṣẹ́ ọmọ yìí dé ilé rẹ̀?" Ẹni tí kì í ṣe ẹbí ọmọ náà gbọ́dọ̀ dìde kí ó jẹ́rìí. Patron fúnra rẹ̀ ló sì ń yan ẹlẹ́rìí náà. Bí ẹni yẹn kò bá wá, kí wọ́n palẹ̀ àga mọ́.

Iṣẹ́ tí ó fún mi láti fi gbòmìnira ni ti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú. Wọ́n ní búrò kan, ìyẹn ọ́fíìsì, ní Tchaourou, kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà níbẹ̀, okùn tẹlifóònù kan ṣoṣo. Tonton Matía, ará Savè kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ni ó ń darí ibẹ̀. Ọ̀kan péré nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà ló ń rí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn sì ń tò síbẹ̀ bí ẹni ń tò fún omi láti wo iye tí wọ́n ń ra kajú ní Kutọnu. Ó fẹ́ kí olúkúlùkù máa rí i láti orí àga rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe rèé. Mo mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́, mo yọ ojú rẹ̀ kúrò, mo gbé e sórí pẹpẹ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Mo so okùn tẹlifóònù mọ́ ọn nípasẹ̀ módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ kékeré tí ń bá kọ̀ǹpútà pe nọ́ńbà bí ènìyàn ṣe ń pè é. Láti ara rẹ̀ ni mo ti na okùn lọ sọ́dọ̀ àwọn márùn-ún ti búrò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní jáde fúnra rẹ̀. Yóò rán ti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ìyẹn yóò pe nọ́ńbà, yóò lọ, yóò sì mú un bọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe ń pè é ní Aṣojú. Ohun tí ó bá ti mú wá lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, kí ó má baà tún jáde bí ẹlòmíràn bá béèrè ohun kan náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì bi í ní nǹkan kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á gbé tẹlifóònù sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo béèrè bí Patron ti kọ́ mi, pé ta ni ó ń lo tẹlifóònù búrò yìí. Tonton Matía ní òun àti akọ̀wé òun nìkan ni. Mo bi akọ̀wé, ó sọ ohun kan náà. Ọyẹ́ ni nígbà náà, kajú kò tíì so, búrò dákẹ́. Mo rí i pé bí tẹlifóònù bá dún, wọn kì í gbé e títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo tan Aṣojú, gbogbo búrò dìde wá wò ó. Módẹ́ẹ̀mù ké bí adìyẹ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ni iye kajú hàn lójú kọ̀ǹpútà márààrún. Tonton Matía bọ̀ mí lọ́wọ́. Patron tẹ́tí sí okùn, ó gbé e sílẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Bí Patron kò bá sọ nǹkan kan, ó dára nìyẹn. Mo ránṣẹ́ sí Goro pé kí wọ́n máa múra ìgbòmìnira.

Lẹ́yìn náà ni àsìkò kajú dé.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ní Bétérou, tí Tata Sìkírátù jẹ́ olórí wọn, ti ṣa kajú wọn, wọ́n ti sá a, wọ́n ti dì í. Ilé àká wọn ti kún, nítorí náà wọ́n to àpò yòókù sí ẹ̀bá ọ̀nà de kámíọ̀ ẹgbẹ́, ọkọ̀ ńlá tó ń kó ẹrù wá sí Tchaourou. Òjò àkọ́rọ̀ ṣú ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Tata Sìkírátù sáré lọ sí kábíìnì, ilé tẹlifóònù kan ṣoṣo tó wà ní Bétérou nígbà náà, ó ní kí wọ́n pe búrò. Ohun tó gbọ́ ni tú, tú, tú: ẹnìkan wà lórí okùn. Ó dúró, ó tún pè. Ẹnìkan ṣì wà níbẹ̀. Ó ń pè é títí òjò fi dé bá àwọn àpò náà. Kajú tí omi wọ inú àpò rẹ̀ kì í pẹ́ dúdú, ọ̀rọ̀ ẹni tó máa rà á sì tán nìyẹn.

Ní Tchaourou, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tonton Matía lọ sí Parakou, akọ̀wé lọ jẹun. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣí ibi ìgba-lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń bi Aṣojú ní gbogbo ìgbà pé, ṣé lẹ́tà ti dé? Aṣojú á jáde lọ wò, á ní kò tíì dé. Nítorí pé wọn kò yé bi í, kò gbé tẹlifóònù sílẹ̀ láti òwúrọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Tata Sìkírátù gun zém, ọ̀kadà akérò, wọ Tchaourou. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe èmi àti Patron. Obìnrin kúkúrú ni, ó fi gèlè rẹ̀ so ìbàdí, ẹrẹ̀ ọ̀nà Bétérou pọ́n létí aṣọ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Láti òwúrọ̀ títí dé ìrun àsárì ni okùn yín fi kún. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Tonton Matía tọ́ka sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Obìnrin náà lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo Aṣojú wá, ó wò ó lọ.

"Eléyìí? Kò lójú, kò lẹ́nu. Kí ló ń sọ?"

Èmi ni mo ní, "Ó ń béèrè bóyá lẹ́tà ti dé, Tata."

"Ṣé ó dé?"

"Kò dé, Tata."

Ó wò mí títí mo fi dorí kodò. "Kajú wa rẹ nítorí lẹ́tà tí kò dé."

Sálíù tó ń wa kámíọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun kò kúrò lábẹ́ igi máńgò tó wà ní ojú fèrèsé ní gbogbo ọjọ́ náà, tẹlifóònù kò dún, òun sì rò pé kajú kò tíì pé ni. Patron bi í pé kí ló kan awakọ̀ pẹ̀lú tẹlifóònù. Sálíù wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló kan ẹnu pẹ̀lú oúnjẹ.

Ó ní, "Patron, bíìpù ńkọ́?"

Bí a ṣe mọ̀ nìyẹn. Gbogbo ìlú ló ń lu bíìpù: ènìyàn á pè, á jẹ́ kí ó dún díẹ̀, á gbé e sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e ní òdìkejì, kò sì ní sanwó. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Bétérou ti sọ tiwọn di èdè. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, kajú ti pé, ẹ wá lọ́la. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òjò tàbí wàhálà, ẹ gbéra nísinsìnyí. Sálíù á kà á láti abẹ́ máńgò, á ṣáná sí ọkọ̀. Ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi gbé tẹlifóònù kí ó tó dún lẹ́ẹ̀mẹrin nìyẹn. Bí mo sì ṣe béèrè pé ta ló ń lò ó, òtítọ́ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹnikẹ́ni kò gbé e, ẹnikẹ́ni kò fọhùn, wọn kò gba owó lórí rẹ̀. Ta ni yóò pe ìyẹn ní lílo tẹlifóònù? Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo ṣìnà.

Èmi àti Patron padà sí àtẹ́líyè. Mo ń retí Baatonum, ṣùgbọ́n Yorùbá ló sọ, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

"Ta ni yóò jẹ́rìí fún ọ?"

Mo ní, "Tonton Matía, Patron."

"Inú búrò ni Matía wà, òjò kò pa á. Ẹni tí òjò pa ni yóò jẹ́rìí."

"Patron, kò ní wá."

Ó mú ẹ̀mú rẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́. "Ìwọ ṣáà mọ ọ̀nà Goro," ni ó sọ.

Mo fi okùn Aṣojú sílẹ̀ ní yíyọ ní búrò, mo gun zém lọ sí Bétérou. Ọ̀nà yẹn máa ń gbọn eegun ènìyàn. Mo bá Tata Sìkírátù àti àwọn obìnrin rẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń ya èyí tí kò bàjẹ́ kúrò lára èyí tó ti dúdú. Ọ̀kan nínú wọn rí mi, ó ní, "Ìyàwó lẹ́tà dé o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bí Aṣojú ṣe ń ṣiṣẹ́.

Tata Sìkírátù ní, "Ṣàlàyé kì í gbẹ kajú. Jókòó, máa ṣà."

Mo jókòó, mo ń ṣà. Mo lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn, mo sì ń ṣà á nígbàkigbà tí mo bá lọ. Àwọn obìnrin náà ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé oníkábíìnì máa ń tilẹ̀kùn lọ kírun ọ̀sán, á jẹun, á sùn díẹ̀, kí ó tó tún ṣí. Pé ní ọjọ́ Jímọ̀ ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pé kì í ṣí kí oòrùn tó mú ìrì kúrò lórí ewé. Mo tún mọ̀ pé bí ojú ọ̀run bá ṣú, kì í tilẹ̀kùn rárá, àfi kí òjò náà rọ̀ tán. Tata Sìkírátù ti bá a ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo gbé padà sí búrò nìyẹn. Mo tún Aṣojú tò. N kò jẹ́ kí ó máa jáde nígbàkigbà tí wọ́n bá bi í mọ́. Mo fún un ní àkókò: ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí kábíìnì Bétérou tó ṣí, àti ní ọ̀sán nígbà tí oníkábíìnì bá ń kírun. Láàárín àkókò wọ̀nyí, yóò kó gbogbo lẹ́tà lọ, yóò kó ti ẹlòmíràn bọ̀, yóò mú iye kajú wá, yóò fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ kí gbogbo búrò máa kà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ní ìyókù ọjọ́, okùn ṣófo, ó ń retí Bétérou. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń ṣi aago rẹ̀ lọ́nà, nítorí náà mo pààrọ̀ bátìrì kékeré tó wà nínú rẹ̀, mo sì ń fi aago náà wé ti oníkábíìnì nígbàkigbà tí mo bá lọ.

Inú àwọn ará búrò kò dùn. Tonton Matía ní, "Félì, ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì mi ti wá di oúnjẹ ọ̀sán?"

Mo ní, "Àti ti àárọ̀, Tonton."

Àwọn obìnrin Bétérou kò padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ní àsìkò yẹn. Àwọn tó ń rà lójú ọ̀nà ni wọ́n ta ìyókù fún, ìwọ̀n àwọn yẹn sì ní ìka ẹ̀tàn nínú. Ní àsìkò tó tẹ̀lé e, wọ́n tún kó kajú wọn dé ẹ̀bá ọ̀nà fún kámíọ̀ wa. Ní gbogbo àkókò yìí, mo ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Bàbá mi ránṣẹ́ pé koríko ti ń bo ebè.

Lọ́jọ́ kan nínú àsìkò náà, mo wà ní búrò, mo ń gbọn eruku Aṣojú. Ọ̀sán ti fẹ́ pé, Tonton Matía ti jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ń retí àkókò rẹ̀ nítorí lẹ́tà kan tó fẹ́ rán lọ sí Kutọnu. Mo wo ojú fèrèsé. Ní ọ̀nà Bétérou, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo na ọwọ́, mo fa okùn tẹlifóònù yọ kúrò lára Aṣojú, mo dá a padà sí ara tẹlifóònù nìkan.

Tonton Matía ní, "Félì, àkókò mi nìyí."

"Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ọ̀run."

Ó wò ó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Akọ̀wé dẹ́kun títẹ̀wé. A jókòó bẹ́ẹ̀, mo di okùn náà mú bí ẹni di ewúrẹ́ mú. Tẹlifóònù dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì dákẹ́. A kò tíì mí tán tí a fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì kámíọ̀ lábẹ́ máńgò. Sálíù sọ fún wa lẹ́yìn náà pé àpò tó kẹ́yìn ni àwọn ń bò nígbà tí òjò kán lé òun lórí.

Tata Sìkírátù kò ránṣẹ́ ọpẹ́. Nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ fún un pé kí ó wá síbi ìgbòmìnira mi, ó ní òun ti gbọ́. Kò ní òun máa wá, kò ní òun kò ní wá.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí, kí n sọ bí ìyókù iṣẹ́ ṣe lọ, nítorí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Aṣojú yẹn ṣiṣẹ́ títí tẹlifóònù alágbèéká fi dé Bétérou. Nígbà tí òpó gíga rẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn ìlú, ẹnikẹ́ni kò wọ kábíìnì mọ́, oníkábíìnì sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń fi iná sínú bátìrì. Bíìpù kò kú. Ó kàn kó kúrò lórí okùn bọ́ sínú àpò ènìyàn ni. Èmi fúnra mi ni mo tú Aṣojú palẹ̀, eruku inú rẹ̀ kún igbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó dà bí kọ́kọ́rọ́, tí à ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn ìyẹn ni àpótí tí kò nílò okùn. Nísinsìnyí, okùn òmíràn tún ti gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá lẹ́bàá ọ̀nà Parakou. Mo kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń dé, mo tò ó fún ilé-ẹ̀kọ́ ní Sanson, fún ilé ìwòsàn, fún àwọn oníṣòwò. Owó rẹ̀ bọ́ wa, ó sì rán àwọn ọmọ mi níwèé. Àwọ̀ mẹ́jọ tí mo fi omijé kọ́, ẹ̀yin ọmọ òde òní kò ní rí i. Ohun kan ni kò yí padà: kí ẹ tó so nǹkan tuntun mọ́ ilé onílé, ẹ jókòó síbẹ̀ títí ẹ ó fi rí ohun tí wọ́n ń ṣe tí àwọn fúnra wọn kò kà sí nǹkan. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà.

Mo fi ọjọ́ ìgbòmìnira mi ṣe ìparí nítorí pé láìsí i, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí kò ní ṣẹlẹ̀.

Wọ́n to àga sí iwájú àtẹ́líyè. Àwọn ará Goro dé pẹ̀lú bàbá mi nínú agbádá ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà, àgbà mùsùlùmí kan ládùúgbò ṣe àmín, òun náà sì ṣe tirẹ̀. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Patron Wọ̀rú. Ó béèrè pé ta ni iṣẹ́ ọmọ yìí dé ilé rẹ̀. Tonton Matía mi ara bí ẹni fẹ́ dìde, Patron fi ojú mú un jókòó. Ìyá mi ń fọwọ́ lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Patron béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá mi ti ń wo ọ̀nà ilé.

Zém kan dúró lójú títì. Tata Sìkírátù sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó gba àárín àwọn àga kọjá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Patron kò kí i, òun náà kò kí Patron.

Ó ní, "N kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Èṣí, mo pè, kò dún, kajú mi rẹ. Lọ́dún yìí, mo pè, ó dún."

Ó wá ibi jókòó. Patron dúró bóyá ó ṣì kù.

"Ó tán?"

"Kí ló tún kù, Patron?"

Patron Wọ̀rú bẹ̀rẹ̀, ó mú mi ní apá méjèèjì, ó sì gbé mi dìde.